Ìhanrun, Oorun àti Ẹ̀rọ Èémí: Ọ̀rọ̀ tí Àwa Mẹ́ta láti Ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù Sọ níwájú Ìpàdé Gbogbogbòò Ọdọọdún

Àwa mẹ́ta tí a dúró níwájú yín yìí, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan, ọmọ ẹ̀ka ẹgbẹ́ yìí ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wá. Akọ̀wé Àgbà ni ó kọ̀wé sí wa pé kí a wá bá ìpàdé sọ̀rọ̀ lórí ohunkóhun tí ó bá wù wá, bí ó bá ṣáà ti lè ṣe ìlú ní àǹfààní. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà ọjà, tàbí lórí owó ilé ìkàwé, ni ọ̀pọ̀ yín ń retí lẹ́nu wa. Ẹ má bínú sí wa. Ọ̀rọ̀ oorun ni a gbé wá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé ọdún tí ó kọjá yóò rántí pé nígbà tí Akápò ń ka ìṣirò owó, ẹnì kan sùn lọ lórí àga ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí Akápò fi dákẹ́. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe pé iyán àárọ̀ ni ó ń bá a jà. Ẹlòmíràn ní rárá o, ìṣirò owó náà ni ó gbé e sùn. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó sùn náà wà nínú àwa mẹ́ta yìí, ẹni tí a bá sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó bá àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín lọ. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé ó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko sùn láìlo ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó máa lò lálaalẹ́, nítorí pé ojú yín ń tì í. Ọ̀rọ̀ ìtìjú náà, a ó padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwa ọmọ ilẹ̀ yìí ti ka ìhanrun sí àmì oorun àsùngbádùn. Bí bàbá bá ti oko dé, tí ó jẹun, tí ó sì ń hanrun bí ẹni tí ń la pákó, àwọn ará ilé a máa fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn, wọn a ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jí i, ó rẹ̀ ẹ́, oorun rẹ̀ wọra. A kò sọ pé gbogbo ẹni tí ń hanrun ni ó ní àìsàn. Ọ̀pọ̀ ń hanrun tí kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n irú ìhanrun kan wà tí ẹni tí ó bá fetí sí i dáadáa yóò gbọ́ pé ó ń dá. Yóò máa ròkè, yóò máa ròkè, lẹ́yìn náà yóò dákẹ́ lójijì bí ìgbà tí a bá pa ẹ̀rọ ìlọta. Ẹni náà kò mí. Àyà rẹ̀ ń gbìyànjú, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò wọlé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, tàbí ogún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò ta gìrì, yóò fa èémí sínú pẹ̀lú ariwo bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú odò, ìhanrun yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò ní òun sùn.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Bí a bá sùn, gbogbo ẹran ara wa ni ó ń rọ̀, títí kan èyí tí ó di ọ̀nà ọ̀fun mú. Lára àwọn ènìyàn kan, ọ̀nà náà ti há tẹ́lẹ̀, bóyá nítorí ọ̀rá tí ó yí ọrùn ká, bóyá nítorí bí egungun àgbọ̀n wọn ti rí, bóyá nítorí ẹran ọ̀fun tí ó wú. Bí ara bá wá rọ̀, tí ahọ́n sì yọ̀ sẹ́yìn, ọ̀nà èémí a pa dé. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ a dínkù, ọpọlọ a fura, a sì jí ara náà díẹ̀, kìkì ìwọ̀n tí ọ̀fun yóò fi ṣí. Àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn yìí ní sleep apnoea. Iye ìgbà tí èémí dá, tàbí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá, láàrin wákàtí kan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: bí ó bá jẹ́ 5 sí 14, wọn a ní ó kéré, bí ó bá jẹ́ 15 sí 29, wọn a ní ó wà ní àárín, bí ó bá tó 30, ó ti le nìyẹn. Ọ̀kan nínú wa ní 46. Ẹ ro ó wò: ẹni tí a ń jí ní ìgbà 46 láàrin wákàtí kan, láti alẹ́ títí di òwúrọ̀, kí ni ó kù tí yóò fi ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán?

Bí a ti ṣe mọ̀ kò bára mu. Ti ẹni àkọ́kọ́, aya rẹ̀ ni ó sọ fún un. Fún bí ọdún mẹ́fà ni obìnrin náà fi ń jókòó lórí ibùsùn lóru, tí ó ń gbọn ọkọ rẹ̀ jìgìjìgì bí èémí bá ti dá, tí ó sì ń jáde lọ sí ibi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ ní àsọdùn ni. Nígbà tí ó sú aya, ó fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀ pé kí ó gbọ́. Ọkùnrin yìí ní kì í ṣe ariwo náà ni ó dẹ́rù ba òun, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó wà láàrin rẹ̀ ni.

Ẹnì kejì ń wa ọkọ̀ jẹun. Ó sùn lọ nídìí iná pupa ojú títì, ní ọ̀sán gangan, àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi fèrè ọkọ̀ jí i. Ó padà sílé, kò sọ fún ẹnì kankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó la ojú, ó sì rí i pé ọkọ̀ òun ti fi ojú ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ méjì lẹ́yìn ọkọ̀. Ọlọ́run ni ó yọ wọ́n. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tí àìsàn yìí bá wà lára rẹ̀ dé ìwọ̀n àárín tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun sì ń kùn ún ní ọ̀sán, gbọ́dọ̀ fi tó ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ létí, kò sì gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ títí a ó fi kápá rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ń wa takisí àti bọ́ọ̀sì fi ń sá fún àyẹ̀wò. A kò dá wọn lẹ́bi; a mọ bí owó ilé ti rí ní ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń sọ yìí jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin péré, wọ́n sì gbà á láàyè láti padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́rin náà korò. Ó san ju ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ méjì yẹn lọ.

Ẹnì kẹta obìnrin ni, òun ni ó sì jìyà jù, nítorí kò sí ẹni tí ó gbà pé obìnrin ń hanrun. Orí a máa fọ́ ọ láràárọ̀. Bí ó bá sùn, yóò jí tọ̀ ní ìgbà mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò gbọ́ ti oògùn mẹ́ta. Dókítà kan ní iṣẹ́ ni ó pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Wòlíì kan ní àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń lù ú lóru, kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ó gba ààwẹ̀ náà pé. Ọdún mẹ́jọ kọjá kí dókítà mìíràn, ọ̀dọ́bìnrin kan, tó bi í pé, ‘Mà, ṣé ẹ máa ń hanrun?’ Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fetí sí èyí: bí obìnrin bá ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù, àìsàn yìí a máa pọ̀ sí i lára wọn, kì í sì í fi gbogbo ìgbà wá pẹ̀lú ariwo ńlá bí ti ọkùnrin. Ó lè jẹ́ àárẹ̀ lásán, orí fífọ́, tàbí oorun tí kò wá.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ẹ̀rọ náà. Kí ọdún 1980 tó dé, ohun tí ó dájú jù tí àwọn oníṣègùn lè ṣe fún ẹni tí àìsàn yìí bá le lára rẹ̀ ni kí wọ́n dá ihò sí i ní ọrùn láti máa gba ibẹ̀ mí. Ní ọdún náà ni oníṣègùn kan ní ìlú Sydney ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Colin Sullivan, ronú pé bí a bá fi afẹ́fẹ́ gba imú wọlé pẹ̀lú agbára díẹ̀, ọ̀fun kò ní lè pa dé. Mọ́tò irú èyí tí ń bẹ nínú ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó fi ń gbálẹ̀ ni ó lò, ó jẹ́ kí ó máa fẹ́ dípò kí ó máa fà, ó sì fi rọ́bà so ó mọ́ imú aláìsàn. Ní ọdún 1981 ni ìròyìn iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn tí a ń pè ní The Lancet, lórí aláìsàn márùn-ún péré. Ẹ̀rọ tí a ń pè ní CPAP nìyẹn. Lónìí kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ, ariwo rẹ̀ kò sì ju ti fáànù kékeré.

Afẹ́fẹ́ inú yàrá lásán ni ó ń fẹ́. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ inú ìgò irin tí a ń fún ẹni tí ń kú lọ. A tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tí a ó sọ níwájú. Agbára rẹ̀, tí wọ́n ń fi sẹ̀ǹtímítà omi wọ̀n, sábà máa ń wà láàrin 4 sí 20, oníṣègùn ni ó sì ń pinnu èyí tí ó tọ́ sí oníkálukú. Kì í wo àìsàn náà sàn. Bí ìgò ojú ni ó rí: ẹni tí ó bá bọ́ ọ sílẹ̀, ojú rẹ̀ padà sí bí ó ti wà.

Ó rọrùn láti ṣàlàyé. Sísùn pẹ̀lú rẹ̀ ni iṣẹ́. Ẹni tí ń wa ọkọ̀ fi ìbòmú náà sí imú ní agogo mẹ́wàá alẹ́ àkọ́kọ́, ó já a dànù kí agogo mẹ́wàá ààbọ̀ tó lù. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn yọ orí síta láti fèrèsé ọkọ̀ tí ń sáré. Bí ó bá la ẹnu láti pe aya rẹ̀, afẹ́fẹ́ a gba imú wọlé, a gba ẹnu jáde, ọ̀rọ̀ a sì dàrú. Ní alẹ́ kejì ó lò ó fún wákàtí kan. Ní alẹ́ kẹta, ó jí ní òwúrọ̀ ó sì bá ìbòmú náà lábẹ́ ibùsùn, kò mọ ìgbà tí ọwọ́ òun yọ ọ́.

Ti ẹni àkọ́kọ́ yàtọ̀. Òun sùn láti agogo mọ́kànlá títí di agogo mẹ́fà, kò jí tọ̀ rárá. Nígbà tí ó la ojú, ó kọ́kọ́ rò pé nǹkan ti ṣe òun, nítorí pé ara rẹ̀ fúyẹ́ ju bí ó ti mọ̀ ọ́n lọ. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó sì sunkún. Ẹ̀rọ náà a máa kọ iye ìgbà tí èémí dá sílẹ̀. 46 ti di 3. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sí ẹni tí ó pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò sọ fún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀fìnkìn mú un, imú rẹ̀ dí, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé. Ó ní kí òun sinmi ní alẹ́ ọjọ́ kan. Alẹ́ kan di méjì, méjì di oṣù méjì. Ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ tábìlì tí eruku ń bò ó, aya rẹ̀ sì tún padà sídìí gbígbọn-ni-jí. Ohun tí ó ṣòro fún wa láti fi yé àwọn ènìyàn ni èyí: ẹni tí ó ti rí àǹfààní oògùn kan pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ tún lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe àìmọ̀kan. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa di ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ lálaalẹ́ ni, bí ẹni tí a so mọ́ èèkàn.

Àwọn ìṣòro náà kéré lójú ẹni tí kò bá wọn sùn. Ìbòmú tí kò bá imú mu a máa jo, afẹ́fẹ́ a sì máa fẹ́ sínú ojú. Imú tí Ọlọ́run fún àwa kì í ṣe imú tóóró. Ìbòmú kẹta ni ó tó gba ti ọ̀kan nínú wa. Bí agbára ẹ̀rọ bá pọ̀ jù, ènìyàn a máa gbé afẹ́fẹ́ mì, ikùn a wú bí ìlù, a ó sì fi gbogbo òwúrọ̀ gùnfẹ̀. Bí a bá la ẹnu sùn, ọ̀fun a gbẹ bí ìgbà ọyẹ́. Àwo omi kékeré kan wà lára ẹ̀rọ tí ń mú kí afẹ́fẹ́ náà tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi náà a máa dì sínú rọ́bà, a sì máa kán sí ni nímú láàrin òru. Òjò inú yàrá ni a ń pè é. Okùn ìbòmú a máa ba irun obìnrin jẹ́, àfi bí ó bá fi ìborùn dáradára di orí kí ó tó dè é. Ó sì máa ń fi àpá sílẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fa arábìnrin wa yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, ‘Ìlú wo ni ẹ ti lọ kọ ilà yìí?’

Ohun tí ó ràn wá lọ́wọ́ kì í ṣe ìgboyà. Nọ́ọ̀sì kan ni ó kọ́ ẹni tí ń wa ọkọ̀ pé kí ó máa fi ìbòmú náà sí imú ní ọ̀sán, ní ìjókòó, bí ó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, láìsùn, títí ara rẹ̀ yóò fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ó fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ó fẹ́ fò lọ sínú òṣùpá. Ó tún kọ́ ọ bí a ti ń jẹ́ kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára kékeré, kí ó máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí oorun ti ń wọlé. Ti ẹni àkọ́kọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó gbé ẹ̀rọ jáde lábẹ́ tábìlì, tí ó fọ rọ́bà rẹ̀, tí ó sì gbé e padà sí ibi ìrọ̀rí láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Láti ìgbà náà, bí ọ̀fìnkìn bá mú un, yóò fi omi oníyọ̀ tí wọ́n ń tà fún imú fọ imú rẹ̀, yóò sì lo ẹ̀rọ náà níwọ̀n bí ó bá ti lè gbà. Alẹ́ tí kò bá dára, kò kà á sí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó ṣì ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ kíyè sí i pé ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Medicare, ń fẹ́ rí i láàrin oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pé ẹ lo ẹ̀rọ náà fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, ní alẹ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin 30 ọjọ́ tí ó tẹ̀ léra, kí wọ́n tó lè máa san owó rẹ̀ nìṣó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn ìjọba ni ó ń yáni ní ẹ̀rọ náà lọ́fẹ̀ẹ́.

A kò fẹ́ tà á fún yín bí ẹní ń ta àgbo. Ìwádìí ńlá kan jáde ní ọdún 2016, lórí ènìyàn 2,717 tí wọ́n ti ní àìsàn ọkàn tàbí ti ọpọlọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ náà dín ìhanrun wọn kù, ó dín oorun ọ̀sán kù, ó sì mú inú wọn dùn sí i, ṣùgbọ́n kò hàn pé ó dín àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí ikú kù. Bẹ́ẹ̀ sì ni wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ péré ni wọ́n ń lò ó ní alẹ́ kan. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀rọ fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀.

Arábìnrin wa kò bá ẹ̀rọ náà rẹ́. Ó lo ìbòmú mẹ́ta láàrin oṣù mọ́kànlá, kò sí èyí tí kò fi ẹkún yọ lóru. Tirẹ̀ kò le tó ti àwọn yòókù, 17 ni, nítorí náà oníṣègùn eyín ṣe ohun kan fún un tí ó ń fi sí eyín bí ó bá fẹ́ sùn, tí ó ń fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú kí ahọ́n má baà yọ̀ sẹ́yìn. Àgbọ̀n a máa dùn ún láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń sùn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sì ti dín kù láti mẹ́ta sí méjì. Àwọn kan nínú ẹ̀ka wa ní ó ti sá lójú ogun. Àwa méjì yòókù kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ilé wàyí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni àkọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí ìlú yìí láìfi bò. Ní òru ọjọ́ kejì, ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ṣílẹ̀kùn láti wá mú ṣaájà fóònù, ó sì rí i tí ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà ní imú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìròyìn ti kárí agboolé pé ẹ̀mí bàbá Lọ́ńdọ̀nù ti di ti ẹ̀rọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹnì kan ti pe aya rẹ̀ láti béèrè ibi tí ìwé ilẹ̀ tí ó wà ní ìdí ọjà wà. Ìyá rẹ̀ arúgbó kò lè jẹun. Ó ń wò ó bí ẹni tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó wá ní èṣí, ó fi ẹ̀rọ náà sínú àpótí, kò sì yọ ọ́ títí ó fi padà. Ohun tí ẹ fi rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn yìí nìyẹn.

Iná náà tún wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná, iná tiwa kì í sì í bẹ́ni ṣe àdéhùn. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú ní agogo kan òru, oorun parí. A ti dán an wò: bátìrì tí a fi sólà tàbí ìnfátà gba iná sí lè gbé e di òwúrọ̀, bí a bá pa ohun tí ń mú omi rẹ̀ gbóná, nítorí pé ìgbóná omi ni ó ń jẹ iná jù. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku a máa dí aṣọ kékeré tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún un. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀. Omi kànga àti omi bọ́ọ̀hólù kò dára fún àwo rẹ̀. Omi tí a ti sọ di ooru tí a sì dá padà sí omi, tí kò ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú, ni kí ẹ wá.

Àwọn ọmọ òkè òkun tí ń fi àlòkù ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé, ẹ ṣọ́ra. Agbára tí a ti tò sínú rẹ̀ fún ẹnì kan lè má bá ẹlòmíràn mu. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 pẹ̀lú, ilé iṣẹ́ ńlá kan kéde pé kí wọ́n dá ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀rọ rẹ̀ padà, nítorí pé tìmùtìmù tí wọ́n fi dín ariwo kù nínú wọn lè máa rún, kí ènìyàn sì máa fà á símú. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣì lè wà nínú ọjà àlòkù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a jiyàn lé lórí láàrin ara wa kí a tó gbà láti sọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó ti dàgbà nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò mọ ọkùnrin kan, sanra-n-bí-Ọba, tí ó jẹun alẹ́, tí ó bá ọmọ ṣeré, tí ó sùn tí kò jí. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bàbá fún ọ̀kan nínú wa. A kò lè sọ pé àìsàn yìí ni ó pa á. Ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò, ikú ojú oorun sì ní ọ̀nà púpọ̀. Ṣùgbọ́n a rántí ìhanrun rẹ̀, a rántí bí ó ti máa ń dá, a sì rántí bí ó ti máa ń tòògbé lórí àga kí ó tó parí ọ̀rọ̀. A tún rántí ohun tí àwọn ẹbí ṣe fún ìyàwó rẹ̀ kékeré, ẹni tí ó wà nínú yàrá ní alẹ́ náà. Wọ́n bi í léèrè ohun tí ó fún un jẹ. Wọ́n béèrè fún oṣù mẹ́ta. Ìyá náà wà láàyè, ó sì wà nínú ìlú yìí. Nígbà tí a lọ kí i ní ìjẹta, a gbé ẹ̀rọ náà dání, a ṣàlàyé ohun tí ó wà fún. Ó fi ọwọ́ pa á fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, ‘Ẹ̀yin ọmọ mi, mo máa ń gbọ́ tí èémí rẹ̀ ń dá. Mo rò pé bí ọkùnrin ṣe ń sùn ni.’

Nítorí náà ni a ṣe wá. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ irú ìhanrun tí ń dá yìí lẹ́nu ọkọ, aya, bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kí ó sọ ọ́ fún dókítà, pàápàá bí ẹni náà bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí ọrùn rẹ̀ bá nípọn, tàbí tí oorun bá ń kùn ún nídìí ọkọ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wà lára àwọn tí a ń bá wí. Ó mọ ara rẹ̀, a sì ti bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọdé tí ń hanrun lálaalẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọ̀fun rẹ̀. Ẹ yẹra fún ọtí alẹ́ àti oògùn oorun tí dókítà kò fún yín, nítorí pé wọ́n ń mú kí ọ̀fun rọ̀ jù. Fífi ẹ̀gbẹ́ sùn a máa ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ju kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ara tí ó bá fọn díẹ̀ ń dín in kù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ kan tí ń mú ọ̀rá fọn fún àwọn tí ó sanra tí àìsàn yìí sì wà lára wọn dé ìwọ̀n àárín tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó ẹ̀pà.

Ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù ti ra bátìrì méjì àti sólà kan, wọ́n wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ọmọ ìlú tí ó bá gbé ẹ̀rọ wálé lè yá a fún iye ọjọ́ tí ó bá fi wà nílé, láìsan owó. Kí ó ṣáà dá a padà pẹ̀lú okùn rẹ̀. Ẹ̀rọ ẹni àkọ́kọ́ wà lórí tábìlì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, a ti tàn án, ó sì ń fẹ́. A pe gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ wá fi ọwọ́ kàn án, kí ó sì gbé imú sí afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ìbòmú titun mẹ́rin wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì lò. A rí ọmọ àbúrò wa tí ó wá mú ṣaájà lóru ọjọ́ náà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Òun ni kí ó kọ́kọ́ wá.